Wáyà Ta Ni Ó Kọ́kọ́ Wọlé

Èmi kì í fẹ́ kí wọ́n pè mí síṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni mo fi ń tú ìdí kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà nínú ṣọ́ọ̀bù mi l'Atakpamé, tí eruku inú wọn ń kó sí mi nímú. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, mo fẹ́ jókòó síbì kan kí ẹnikẹ́ni má bi mí ní ohunkóhun. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi ni ó pè, ìyàwó wo ni yóò sì sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ pé òun ń sinmi?

"Ìyàwó mi, máa bọ̀ ní Datcha," ó ní. "Àpótí Ẹ̀gbọ́n tún ti ń gbóná. Mi ò fọwọ́ kan òdínátọ̀ náà. Mo fẹ́ kí o wá fi ojú ara rẹ rí i."

Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, bí ohùn ẹni tí kò fẹ́ kí ẹni tó wà nítòsí gbọ́. Mo bi í pé kí ló dé tí kò pa kọ̀ǹpútà náà kó sì tún un tàn, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. Ó ní, "Máa bọ̀ ná," ó sì pa fóònù.

Mo gun alùpùpù mi. Òjò àárọ̀ ti dá, àmọ́ ojú ọ̀nà ṣì ń yọ̀, ọkàn mi kò sì balẹ̀, torí mo mọ ohun tó wà nínú àpótí yẹn.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Ìyá ọkọ mi ń sin adìẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ń gbé l'Akparé, ẹtù sì ni tirẹ̀. Àwọn méjèèjì ní àpótí kọ̀ọ̀kan nínú yàrá kan nílé ìyá ọkọ mi. Pákó ni wọ́n fi kan àpótí náà, gílóòbù ń mú inú rẹ̀ móoru, iṣẹ́ tí adìẹ tó sàba ń fi ìyẹ́ rẹ̀ ṣe lóun náà ń ṣe. Ọkùnrin kan tó kọ́ṣẹ́ ní Lomé ló ṣe é fún wọn. Ó fi kọ̀ǹpútà alágbèéká àtijọ́ kan, tí ètò tí wọ́n ń pè ní Linux ń darí, ṣe olórí ilé. Wáyà kan wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan tó ń wọn ooru, wáyà méjèèjì sì wọ inú kọ̀ǹpútà. Bí kọ̀ǹpútà bá gbọ́ lẹ́nu wáyà pé àpótí kan ti ń tutù, á tan gílóòbù àpótí náà. Bó bá gbóná tó, á pa á. Iṣẹ́ gidi ni, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bó ṣe ṣe é tán ló kọjá sí Ghana, nọ́ńbà rẹ̀ kò sì wọlé mọ́. Bí wọ́n ṣe sọ mí di dókítà àpótí nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi mí bóyá mo fẹ́.

Ẹyin tó wà nínú àpótí Ìyá Àgbà lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ẹyin lásán. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń parí lọ, àìsàn wọ inú agbo ẹtù rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á bá òmíràn nílẹ̀, orí rẹ̀ á ti wọ́, títí tí agbo náà fi tán. Ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé ló bẹ̀rẹ̀ agbo náà nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ìran ẹtù yẹn nìkan ló sì kù tí ó ṣì máa ń bá sọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀. Ẹyin tó ṣà kẹ́yìn, kí èyí tó gbẹ̀yìn nínú wọn tó kú, ló fi èèrí tẹ́ igbá fún, tó gbé wá sí Datcha. Bí ọmọ bá jáde nínú wọn, agbo ọkọ rẹ̀ ṣì wà láyé. Bí kò bá jáde, ó parí.

Òun fúnra rẹ̀ sì ti ń sọ ọ́ pé ọwọ́ òun ni kò dára. Òun fọwọ́ òun tọ́jú ọkọ, ọkọ kú. Òun fọwọ́ òun bọ́ ẹtù, ẹtù kú. Bí a bá ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, á kàn rẹ́rìn-ín, á sì wo ibòmíràn.

Nígbà tí mo dé, ìta ni mo bá a, lórí àpótí ìjókòó lábẹ́ igi máńgòrò, ó kọ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà. Ó ti di ẹrù rẹ̀, ó sì ti wé gèlè ìrìn àjò. Mo kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

"Ẹ kú ilé o, Ìyá Àgbà."

"Ìyàwó wa, o káàbọ̀." Kò wò mí. "Alùpùpù zémìjàn tó máa gbé mi ni mò ń retí. Mo ń lọ sílé mi."

"Ẹyin ńkọ́, Mà?"

"Jẹ́ kí n jìnnà sí wọn. Bóyá wọ́n á yè."

Mo dìde, mo wọlé.

Ìyá ọkọ mi wà nínú yàrá pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn. Ó ti ṣí ìdérí àpótí ẹtù sílẹ̀, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹyin bí ẹni ń fẹ́ aláìsàn, gílóòbù méjì tó wà nínú rẹ̀ sì ń tàn yòò. Òógùn bo ojú rẹ̀. Bí mo ṣe fọwọ́ kan ẹyin kan, mo tètè fà á padà.

"Ẹ jọ̀ọ́, Máàmá, ẹyin yìí ń sè lọ!"

"Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fẹ́ wọn."

Kí n má parọ́, inú bí mi. Ọwọ́ kan péré tó yẹ kó fi fa gílóòbù yọ, abẹ̀bẹ̀ ló fi dì mú. Àmọ́ a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Mo fa gílóòbù yọ lára iná, mo sì na ọwọ́ sínú àpótí kejì, ti adìẹ. Ibẹ̀ tutù. Gílóòbù rẹ̀ kò tàn rárá. Mo ká aṣọ ìborùn mi lé e, ìyá ọkọ mi sì ká tirẹ̀ lé e.

Ìgbà náà ló wá fa ọwọ́ mi, ó sì ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ìyàwó mi, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Èyí kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Bí mo bá dá wà níhìn-ín, tí àrá sán, màá yọ wáyà méjèèjì. Bí òjò bá dá, màá fi wọ́n padà, kò sí nǹkan kan tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí Ẹ̀gbọ́n bá wà níbí, tó jẹ́ òun ló fi wáyà padà, kò ní pẹ́ tí tirẹ̀ á fi máa gbóná, tèmi á máa tutù. Màá pa á, màá fọwọ́ ara mi tún un fi sí i, ara rẹ̀ á tún yá. Láàárọ̀ yìí, mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí òjò rọ̀. Òun ló fi í padà."

"Ṣé ẹ sọ ọ́ fún un?"

"Ṣé ọmọdé ni? Ó ti rí i."

Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó tìtorí ẹ̀ pè mí gan-an. Ó ní kí n jáde lọ bá Ìyá Àgbà, kí n sọ fún un pé ẹ̀rọ ló fẹ́ kí ó lọ sinmi l'Akparé títí tí ọmọ yóò fi jáde. Bó bá jẹ́ àbúrò ló sọ ọ́, á di ìjà tí kò ní tán. Bó bá jẹ́ ìyàwó tó mọ ìwé ẹ̀rọ ló sọ ọ́, á gbà.

Ó kù díẹ̀ kí n gbà. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú jù. Obìnrin yẹn ti di ẹrù rẹ̀ tán, kò sí ohun tó rọrùn ju kí n kàn sọ pé "ó dàbọ̀ o, Mà." Ọmọ á jáde, tàbí kí ó má jáde, gbogbo wa á sì ní àlàáfíà. Àmọ́ bí mo bá fi ẹnu mi sọ ọ́, bí òtítọ́ ni yóò gbé e lọ sílé: ẹni tó kàwé náà ti sọ pé ọwọ́ rẹ̀ ló ń pa nǹkan. Ta ló tún máa yọ ìyẹn kúrò lọ́kàn rẹ̀?

"Ẹ fún mi láyè díẹ̀, Máàmá," mo ní.

Mo yíjú sí kọ̀ǹpútà. Ìlà kan wà lójú rẹ̀ fún àpótí kọ̀ọ̀kan. Ìlà ti ẹtù ní àpótí náà tutù, ó ń gbọ̀n, òun sì ń tan gílóòbù fún un. Ìlà ti adìẹ ní ooru ti pọ̀ jù, òun ti pa iná. Òdìkejì ohun tí ọwọ́ mi gbọ́ pátápátá. Mo bèèrè tẹ̀mómítà ibà tí wọ́n fi ń wo àwọn ọmọ, mo kì í bọ inú àpótí méjèèjì, òun náà sì gbè sẹ́yìn ọwọ́ mi. Kọ̀ǹpútà ń wọn ibà ẹnì kan, ó ń fún ẹlòmíràn lóògùn. Bí ẹni tó tutù bá ṣe ń tutù sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń gbóná yóò ṣe máa jóná sí i, kò sì ní dáwọ́ dúró láé.

Mo fi ìka tọ wáyà kọ̀ọ̀kan láti inú àpótí dé ibi tó ti wọ kọ̀ǹpútà. Kò sí èyí tó ṣìnà. Ti ẹtù wà nínú ẹtù, ti adìẹ wà nínú adìẹ. Méjèèjì já sí ohun pẹlẹbẹ oníhò mẹ́rin kan tó so mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. Mo ní ó dáa, mo pa kọ̀ǹpútà náà, mo yọ wáyà méjèèjì, mo tún un tàn, mo fi wọ́n padà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì fún gílóòbù ní iná padà.

Àìsàn náà lọ. Ti ẹtù gbóná lójú kọ̀ǹpútà bó ṣe gbóná lọ́wọ́ mi. Gílóòbù rẹ̀ kú. Ti adìẹ tàn.

Inú ẹlòmíràn á dùn. Èmi, jìnnìjìnnì ló bò mí, torí àìsàn tó bá rí dókítà tó sá, yóò padà bí dókítà bá lọ. Ìyá ọkọ mi wò mí, ó sì mi orí.

"Ṣé o rí i báyìí?" ó ní. "Ìwọ fọwọ́ kàn án, ó yá. Òun fọwọ́ kàn án, kò yá."

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ṣí ètò tí ọkùnrin yẹn kọ sínú kọ̀ǹpútà, mo ń kà á. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé ttyUSB0 ni àpótí Ìyá Àgbà, ttyUSB1 ni ti ìyá ọkọ mi.

Ọ̀nà tí Linux ń gbà sọ irú wáyà bẹ́ẹ̀ lórúkọ kò le. Èyí tó bá kọ́kọ́ wọlé, á pè é ní ttyUSB0. Èyí tó bá tẹ̀lé e, á pè é ní ttyUSB1. Kò bèèrè ibi tó ti wá, kò bèèrè ẹni tó ni ín. Bí ẹ bá yọ méjèèjì, tí èyí tó gbẹ̀yìn tẹ́lẹ̀ wá kọ́kọ́ wọlé, á gba orúkọ èyí tó ṣáájú, kọ̀ǹpútà á sì máa bá iṣẹ́ lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Gílóòbù kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí wáyà tó ń darí wọn wà lọ́tọ̀, a kì í yọ ọ́ rárá.

"Máàmá," mo ní, "bí ẹ bá ń fi wáyà padà, ti ta ni ẹ máa ń kọ́kọ́ fi sí i?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo bi í bóyá ó máa ń wọṣọ kó tó jáde. "Ti Ẹ̀gbọ́n ni. Ṣé màá fi tèmi ṣáájú ti ẹ̀gbọ́n mi ni?"

Èmi náà, ti Ìyá Àgbà ni mo kọ́kọ́ fi sí i, mi ò tilẹ̀ rò ó. Ọwọ́ ìyàwó ilé ló mọ̀ ọ́n.

Ìgbà yẹn ni zémìjàn fọn fèrè níta.

Mo sáré jáde. Ìyá Àgbà ti dìde, ó ti ń gbé ẹrù rẹ̀ fún ọkùnrin náà kí ó so ó mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù. Mo di ẹrù náà mú. Ìyàwó kì í di ẹrù mú mọ́ ìyá ọkọ lọ́wọ́, mo mọ̀, ṣùgbọ́n mo dì í mú.

"Ìyá Àgbà, ẹ dákun. Láàárọ̀ yìí, wáyà ta ni ẹ kọ́kọ́ fi sí i?"

"Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe, ìyàwó wa?"

"Ẹ dákun, Mà."

Ó mí kanlẹ̀. "Ti àbúrò mi ni. Ilé rẹ̀ ni mo wà, èmi ni mo sì ń fọwọ́ ṣe é. Ẹni tó ń pín nǹkan, ṣé tirẹ̀ ló ń kọ́kọ́ mú?"

Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lára. Ohun tí ìyá tèmi náà kọ́ mi rèé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ tó ti ń ta aṣọ nínú ọjà Atakpamé: bí wọ́n bá ní kí o pín ẹran, ìwọ lo máa gbẹ̀yìn. Nígbà tí àbúrò bá ń fi wáyà sí i, ti ẹ̀gbọ́n ló ń ṣíwájú. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bá ń fi í sí i, ti àbúrò ló ń ṣíwájú. Àpọ́nlé ni àwọn méjèèjì ń ṣe fún ara wọn, kọ̀ǹpútà sì ń fi àpọ́nlé náà se ẹyin.

Mo sọ fún un. Mo sọ ọ́ ní kíákíá, mo sì sọ ọ́ bí kò ṣe yẹ, torí ọkùnrin alùpùpù náà ti ń sọ pé àwọn èrò ń dúró de òun. Ìyá Àgbà gbọ́ mi tán, ó rẹ́rìn-ín rẹ̀ yẹn.

"O ṣeun, ọmọ mi. O ń tù mí nínú ni."

"Mi ò tù yín nínú. Ẹ wá wò ó. Bí ẹ bá wò ó tán tí ẹ sì tún fẹ́ lọ, èmi ni màá gbé yín lọ sí Akparé fúnra mi."

Mo bẹ ọkùnrin náà kó dúró dè wá. Ó kùn, ó sì pa ẹ́ńjìnnì. Ìyá Àgbà tẹ̀lé mi, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Kò wọ inú yàrá. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lábẹ́ ìró rẹ̀.

Mo tún fa iná gílóòbù yọ kí ẹyin má bàa jìyà mọ́. Mo yọ wáyà méjèèjì. Mo fi ti adìẹ ṣáájú, bí òun ṣe ṣe é. Ojú kọ̀ǹpútà yí padà: ó ní ti ẹtù ló tutù. Mo yọ wọ́n. Mo fi ti ẹtù ṣáájú. Ó ní ti adìẹ ló tutù. Mo tún un ṣe. Ọwọ́ kan náà ni, ọwọ́ mi. Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé nìkan ló yàtọ̀.

Ìyá ọkọ mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tó yá ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "mo ti rò pé..."

"Mo mọ ohun tí o rò."

"Ẹ má bínú."

"Kí ni màá bínú sí? Èmi náà rò bẹ́ẹ̀."

Ojú ń tì mí láti wò wọ́n. Mo tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà.

Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ rí ojútùú, ó sì rọrùn lójú rẹ̀. Ó ní láti òní lọ, kí Ẹ̀gbọ́n máa fi tirẹ̀ ṣáájú, ó parí. Ìyá Àgbà ní rárá. Nínú ilé àbúrò òun, kí òun máa kọ́kọ́ tọ́jú tòun? Àbúrò ní ẹ̀rọ ló fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní ẹ̀rọ kọ́ ló tọ́ òun. Ohùn wọn ti ń ga. Mo ti rí i pé bí mo bá jẹ́ kó dá lé orí ìrántí àti ìwà, ọjọ́ kan á jọ́kan, ọ̀kan nínú wọn á gbàgbé, tàbí kí ó kàn má lè ṣe é, ẹyin á sì tún sè. Ẹ̀rọ ni kí ó kọ́ ìwà ilé. Ilé kò ní kọ́ ìwà ẹ̀rọ.

Bí wáyà méjèèjì bá ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ lára, iṣẹ́ kékeré ni. Mo wò wọ́n: irú kan náà, ilé iṣẹ́ kan náà, wọn kò sì kọ nọ́ńbà kankan sí wọn nínú. Lójú kọ̀ǹpútà, kò sí ohun tó ya ọ̀kan sọ́tọ̀ lára ìkejì. Ohun kan ṣoṣo tó kù tí a lè fi dá wọn mọ̀ ni ibi tí wọ́n jókòó sí, ihò tí kálukú wọ̀. Mo bá kọ òfin kan sínú kọ̀ǹpútà náà pé, ẹni yòówù kó ṣáájú, wáyà tó bá wọ ihò yìí, egbon ni orúkọ rẹ̀, láìfi àmì sí i. Èyí tó bá wọ ihò yẹn, aburo ni. Mo sì yí ètò ọkùnrin Lomé náà padà, kó má wulẹ̀ bèèrè nọ́ńbà mọ́, kó máa bèèrè àwọn orúkọ yìí. Mo gba ọ̀dà èékánná pupa lọ́wọ́ ìyá ọkọ mi, mo fi kun ihò egbon àti orí wáyà rẹ̀. Èyí tí kò ní ọ̀dà ni ti aburo. Mo fi wáyà kálukú sí ihò rẹ̀, mo sì fi tépù dí ihò méjì tó kù.

Mo gbé kọ̀ǹpútà náà kúrò nílẹ̀ sórí tábìlì, mo tún un tàn. Kò sí nǹkan kan. Kò sí egbon, kò sí aburo. Ìlà méjèèjì ṣófo.

Ọkùnrin alùpùpù tún fọn fèrè. Gílóòbù ò tàn, ẹyin adìẹ ti ń tutù ju bó ṣe yẹ lọ, ti ẹtù náà sì ti ń lọ sí ibẹ̀. Mo ka òfin tí mo kọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo tún un kà. Ó pé. Ìyá ọkọ mi ń wò mí. Mo gbọ́ tí Ìyá Àgbà ní lẹ́yìn mi, jẹ́jẹ́, "Ìyàwó wa, ó tó. Jẹ́ kí n máa lọ. Ẹ̀ẹ̀kan tí mo dé ẹnu ọ̀nà náà ló tún bàjẹ́."

Mo bínú sí i, mo bínú sí kọ̀ǹpútà, mo bínú sí ọkùnrin tó wà ní Ghana. Mo ní, "Ẹ má lọ," bí ẹni ń pàṣẹ fún ọmọdé, ìyá ọkọ mi sì gbójú sókè.

Mo tẹ dmesg, ọ̀rọ̀ tí a fi ń bèèrè lọ́wọ́ Linux pé kí ló rí láti ìgbà tó ti jí. Ó ka gbogbo rẹ̀ fún mi. Ó rí wáyà méjèèjì dáadáa, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà tó kọ fún wọn kì í ṣe èyí tí mo fi sínú òfin. Mo wo ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo gbé e sórí tábìlì, tí wáyà ohun pẹlẹbẹ yẹn kò tó, mo ti fà á yọ lápá òsì, mo ti kì í bọ ihò apá ọ̀tún. Èmi tí mo ń sọ pé ibi tí èèyàn jókòó sí la fi ń dá a mọ̀, èmi náà ni mo gbé gbogbo ilé kúrò ní ipò rẹ̀.

Mo dá a padà sápá òsì, mo fi tépù dè é mọ́lẹ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ yọ ọ́ yóò wá ọ̀bẹ. Egbon jáde. Aburo tẹ̀lé e. Mo tún yọ wáyà méjèèjì.

"Ìyá Àgbà," mo ní, "ó ku ọwọ́ yín."

"Rárá."

Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ló kọjá lára mi, tó fa ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde lábẹ́ ìró, tó sì fi wáyà méjèèjì sí i. "Ẹ ṣe é bí ẹ ṣe máa ń ṣe é," ó ní. "Bí tèmi bá jóná, ẹ jẹ́ kó jóná."

Ìyá Àgbà wá ihò tí kò ní ọ̀dà, ó fi ti àbúrò rẹ̀ síbẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó fi tirẹ̀ ṣáájú, kí n lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀rù. Mo gé ahọ́n mi jẹ. Ó wá fi tirẹ̀ sí ihò pupa. Mo fún gílóòbù ní iná. A dúró.

Ti adìẹ tàn, torí ó tutù jù. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ti ẹtù náà tàn, ó kú, ó tún tàn, bó ṣe yẹ kí ó máa ṣe. Mo kì ọwọ́ bọ inú rẹ̀, mo sì wo ojú kọ̀ǹpútà. Wọ́n fẹnu kò.

Zémìjàn gba owó ìdúró rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó ń kùn lọ. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, a ti ilẹ̀kùn yàrá, a fi tọ́ọ̀ṣì yẹ ẹyin ẹtù wò. Nínú àwọn kan, kò sí ohun tó mira mọ́. Ìyá Àgbà ló ṣà wọ́n sọ́tọ̀ fúnra rẹ̀, kò sì sọ ọ̀rọ̀ kankan. Nínú àwọn yòókù, nǹkan dúdú kan ń yí ara rẹ̀ padà.

Kò lọ sílé. Nígbà tí ìyá ọkọ mi tún pè mí, ohùn rẹ̀ kò rẹlẹ̀ mọ́. Igbe ló ń ké. Mo ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ iṣẹ́, mo lọ. Ìyá Àgbà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, ọmọ ẹtù kan wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ara rẹ̀ ṣì rin, ìlà ìlà sì wà lórí rẹ̀. Àwọn kan ń ké nínú àpótí. Àwọn kan kò jáde, wọn kò sì ní jáde mọ́. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń wò, àmọ́ mo rí i pé ọwọ́ náà gan-an ló ń wò.

"Ìyàwó wa," ó ní, "òjò rọ̀ lánàá, àrá sì sán. Àbúrò mi ti lọ sọ́jà nígbà náà."

"Ta ló wá fi wáyà padà?"

"Èmi ni," ó ní. "Èmi nìkan ni mo wà nílé."